Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá X-Men sílẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ akọni tí à ń pè ní X-Men sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ lọ́dún 1963, nígbà tí Stan Lee àti Jack Kirby gbé ìwé aláwòrán náà jáde ní ilé-iṣẹ́ Marvel ní New York. Ìkejì jẹ́ lọ́dún 1975, nígbà tí Len Wein tó ń kọ̀wé àti Dave Cockrum tó ń yàwòrán kó àjèjì wọlé, tí àwọn onílé sì kó ẹrù wọn jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wo X-Men nínú fíìmù lónìí, ti ìkejì ni wọ́n mọ̀. Wolverine kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Storm kò sí níbẹ̀. Ọmọ Áfíríkà kankan kò sí níbẹ̀.

Kí ilé gba ará tuntun kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé fún wa ní agbègbè Afijio, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọjà, àwọn oyè ńlá kò bá ìlú parẹ́. Àtìbà fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, ó fi Kúrunmí jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè. Àárín àwọn ìlú wọ̀nyí gan-an ni Fìdítì àti Ìlọrà wà. Orúkọ oyè kò yí padà, iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ ẹ́ yàtọ̀, ibi tó ti ń jẹ ẹ́ náà yàtọ̀. Kò sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Olúyọ̀lé àti Kúrunmí bá ara wọn jagun. Nígbà tí Àtìbà wàjà, Kúrunmí lóun ò gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní Aláàfin, ogun tó tẹ̀lé e ló sì run Ìjàyè lọ́dún 1862. Kò ṣòro láti fi ẹni tuntun jókòó sórí àga àtijọ́. Kí ilé dúró lẹ́yìn ìjókòó yẹn ni iṣẹ́ wà, iṣẹ́ yẹn ni mo sì fẹ́ sọ bí àwọn tó ń ṣe X-Men ṣe ṣe é.

Ìdásílẹ̀ àkọ́kọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, Charles Xavier, ṣí ilé-ìwé sí Westchester fún àwọn ọmọ tí a bí agbára àràmàǹdà mọ́. Àwọn ará ayé ń bẹ̀rù wọn, wọ́n sì kórìíra wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n máa dáàbò bo ayé náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló kọ́kọ́ gbà: Cyclops, Marvel Girl, Beast, Angel àti Iceman. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ayé kò gbà, tó sì jẹ́ pé bí àwọn ọmọ náà bá kọjá lójú pópó, kò sí ẹni tí yóò yíjú wò wọ́n. Mo rò pé ohun tó pa á nìyẹn. Ọjà rẹ̀ kò yá. Ẹ̀dà 66, tó jáde lọ́dún 1970, ni ìtàn tuntun parí sí. Láti ẹ̀dà 67 títí dé 93, ìtàn àtijọ́ ni Marvel ń tún tẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Orúkọ wà lára èèpo ìwé, iná ti kú nínú ilé.

Marvel ti dán irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ wò rí. Lọ́dún 1965, nínú ẹ̀dà 16 ìwé Avengers, àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ gba ìsinmi lọ, Captain America nìkan ló ṣẹ́ kù. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi kún un, Hawkeye, Quicksilver àti Scarlet Witch, ọ̀tá ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú àwọn ìwé Marvel mìíràn. Agbára wọn kò tó ti àwọn tó lọ rárá. Síbẹ̀ ìwé náà kò kú, nítorí pé ìjà inú ilé pọ̀ tó láti máa fi kọ ìtàn: Hawkeye kò gbà pé Captain America lọ́gàá òun, ojoojúmọ́ ló sì ń fi yé e.

Ọ̀rọ̀ owó ló bí ìdásílẹ̀ kejì X-Men. Al Landau, tó jẹ́ ààrẹ Marvel nígbà náà, ní kí wọ́n ṣe ẹgbẹ́ akọni tí ọmọ orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi yóò wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí i tà lókè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wein àti Cockrum ṣe é tán, kò jọ ọ̀rọ̀ oníṣòwò mọ́. Ta ló ń ra ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà ní Siberia ìgbà Soviet? Cockrum ní ìwé kan tó kún fún àwòrán àwọn akọni tó ti yà sílẹ̀ láìtíì rí ibi lò wọ́n, inú rẹ̀ ló ti mú púpọ̀ nínú wọn. Wein náà mú Wolverine wá, ọmọ Kánádà onínúfùfù tó ti kọ sínú ìwé Hulk lọ́dún 1974.

Giant-Size X-Men ẹ̀dà 1 ni wọ́n pe ìwé náà. Erékùṣù kan tó ń jẹ́ Krakoa, erékùṣù tó ní ẹ̀mí, ti gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ mì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier bá gbéra, ó ń lọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ó ń bẹ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí kó wá gbà wọ́n là. Ẹ wo bó ṣe bá wọn. Ní Jámánì, àwọn ará abúlé ń fi ògùṣọ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí awọ ara rẹ̀ dúdú bí aró, tó ní ìrù, tó sì jẹ́ pé ìka mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó dé. Òun ni Nightcrawler. Ní Siberia, katakata tí kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀ ń bọ̀ wá tẹ ọmọdébìnrin kan nínú oko àjùmọ̀ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré, ara rẹ̀ di irin, ó dúró sáàárín, katakata ló fọ́. Òun ni Colossus. Ará Ìlọrà tó mọ oko Farm Settlement tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ yóò mọ irú oko tí ìjọba kó àwọn ọ̀dọ́ sí yẹn, kò sì ní yà á lẹ́nu pé akọni lè ti ìdí iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde. Banshee wá láti Ireland, Sunfire láti Japan, Thunderbird láti inú ẹ̀yà Apache tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé.

Ní Kenya, ọ̀jọ̀gbọ́n bá obìnrin dúdú kan tó ní irun funfun gbọ̀ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn dọ̀bálẹ̀ fún un, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún òjò, òun náà sì ń rọ̀ ọ́ fún wọn. Ororo lorúkọ rẹ̀, Storm ni wọ́n sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú ojú ìwé yẹn. Lọ́dún 1975, Nairobi ti jẹ́ ìlú ńlá, Kenya ti gba òmìnira fún ọdún méjìlá, ṣùgbọ́n Áfíríkà tí wọ́n yà kò ní ilé-ìwé, kò ní ọjà, kò ní títì. Òrìṣà kan àti àwọn tó ń bọ ọ́ ló wà níbẹ̀. Ìwé tó gbà pé ọmọ Jámánì lè máa sá fún àwọn tó fẹ́ pa á kò tíì mọ ohun tí ọmọ Kenya lè máa sá fún.

Wọ́n gba àwọn tó há sọ́wọ́ Krakoa sílẹ̀. Ìwé náà sì parí sórí ìṣòro tí kò sẹ́ni tó múra sílẹ̀ fún: akọni 13 ló wà nílẹ̀ báyìí, Beast sì ti kúrò kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ta ni yóò dúró, ta ni yóò lọ?

Wein kò ráyè dáhùn, nítorí òun ni olóòtú àgbà Marvel nígbà náà, iṣẹ́ ti bò ó. Ó gbé kíkọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì, Chris Claremont, tí wọ́n bí ní London lọ́dún 1950. Láti ẹ̀dà 94 ni Claremont ti bẹ̀rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí di ọdún 1991. Nínú ẹ̀dà 94 yẹn, àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dágbére. Cyclops nìkan ló dúró, nítorí pé iná tó ń tú jáde lójú rẹ̀ kò jẹ́ kó ríbi lọ: kò lè bọ́ awò pupa ojú rẹ̀ kó máa gbé láàárín èèyàn. Sunfire náà ní òun ò bá wọn ṣe. Nínú ẹ̀dà 95, Thunderbird kú.

Ikú yẹn ló sọ fún òǹkàwé pé ilé tuntun ni wọ́n wà. Thunderbird àti Wolverine jọra jù, oníbìínú ni àwọn méjèèjì, agbára Thunderbird kò sì yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì tó wà níbẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú un. Ọ̀gá ní kó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ọ̀daràn ń gbé sá, kò gbọ́, ó ń fi ọwọ́ lásán fọ́ ọkọ̀ náà títí ó fi gbiná. Ó dùn mí pé ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni wọ́n fi ṣe èyí. Ṣùgbọ́n mo gbà pé láti ọjọ́ náà lọ ni ẹgbẹ́ náà ti di ẹgbẹ́, nítorí pé wọ́n ti jọ sin òkú. Cyclops tó ń kọ́ wọn kò bọ́ nínú ẹ̀bi náà, èyí tó sì kọjú ìjà sí i nínú àwọn ọmọ tuntun rí ohun tó máa fi dá a lẹ́bi.

Ìwé náà kò tà bí àkàrà lójú ẹsẹ̀. Oṣù méjì-méjì ló ń jáde, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí Marvel tó fọkàn tán an débi pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù lọ́dún 1978. Sáà yẹn ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé Claremont lo àkókò náà láti jẹ́ kí àwọn àjèjì mọ ara wọn. Wọ́n ń jẹun pa pọ̀. Wọ́n ń ṣeré bọ́ọ̀lù. Nightcrawler ń fi ojú ara rẹ̀ hàn láìbojú. Colossus ń ronú ilé. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé Wolverine jáde, nítorí Claremont àti Cockrum kò rí ohun púpọ̀ fi í ṣe. John Byrne, tó gba iṣẹ́ àwòrán láti ẹ̀dà 108, ló yarí pé ọmọ Kánádà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò ní lọ. Kánádà ni Byrne náà ti dàgbà. Báyìí ni ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ jù nínú wọn ṣe bọ́.

Storm ni mo fẹ́ padà sí. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìlọrà tàbí Àwẹ́, tí Ọ̀yọ́ jẹ́ ìtòsí rẹ̀, tó rí obìnrin dúdú tó ń pe ìjì, tí mànàmáná ń kọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ro Kenya. Ọya ni yóò rò, aya Ṣàngó. Ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ náà ni UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà ayé lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n Cockrum kò ronú kan Ọya. Obìnrin dúdú kan tó ń di ológbò ló kọ́kọ́ yà. Nígbà tó rí i pé obìnrin ológbò ti pọ̀ lórí àtẹ, ó gba agbára ìjì lọ́wọ́ akọni mìíràn tó ti yà, ó fi fún un.

Claremont ló wá ṣe àtúnṣe ojú ìwé Kenya yẹn. Nínú ẹ̀dà 102, ẹgbẹ́ náà ń jà nínú ilé olódi kan ní Ireland, Storm bá ara rẹ̀ ní àyè tó há, ó wó lulẹ̀. Kò lè dìde. Ìjà ń lọ lórí rẹ̀, obìnrin tó ń pàṣẹ fún àwọsánmà ká kò sílẹ̀ bí ọmọdé. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé Harlem ni bàbá rẹ̀ ti wá, pé ayàfọ́tò ni, pé Kenya ni ìyá rẹ̀ ti wá, pé Cairo ni wọ́n ń gbé nígbà ogun Suez ọdún 1956, pé ilé wó lù wọ́n, tí ọmọ náà sì wà lábẹ́ àwókù pẹ̀lú òkú ìyá rẹ̀. Ó di ọmọ jáwójáwó ní Cairo, ó fẹsẹ̀ rìn láti Íjíbítì lọ sí Kenya. Òrìṣà orí òkè yẹn ti di èèyàn.

Lọ́dún 1980, lẹ́yìn tí Jean Grey, Marvel Girl àkọ́kọ́ yẹn, kú, Cyclops kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Storm ló gba ipò olórí. Ẹni tí wọ́n kó wá láti gba onílé là ti di onílé, kò sì dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ó fi ọ̀bẹ jà nísàlẹ̀ ilẹ̀ New York láti gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gé irun funfun náà, ó wọ awọ dúdú, ọ̀dọ́mọbìnrin tó kéré jù nínú ẹgbẹ́, Kitty Pryde, rí i báyẹn, ó bú sẹ́kún, ó sá. Lọ́dún 1984 wọ́n fi ìbọn kan gba agbára ìjì kúrò lára rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 201, Cyclops padà wá, ó fẹ́ gba ipò rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ yàrá ìdánrawò, ẹni tó ní agbára àti ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, Storm ló sì borí. Kò sí ìwé akọni tí mo mọ̀ tó dáhùn ìbéèrè ta ló ni ilé báyìí ju bí ojú ìwé yẹn ṣe dáhùn rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Claremont ń lọ lọ́dún 1991, òun àti ayàwòrán Jim Lee bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun kan tó ń jẹ́ X-Men. Ẹ̀dà 1 rẹ̀ tà ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, kò sì tíì sí ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà mìíràn tó dé ibẹ̀ nínú ẹ̀dà kan ṣoṣo.

Ọmọ Nàìjíríà dé ilé náà lọ́dún 2010. Matt Fraction wà lára àwọn tó dá a, nínú ẹ̀dà 528 ìwé Uncanny X-Men ló sì ti kọ́kọ́ fara hàn. Idie Okonkwo lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ Ìgbò. Iná àti yìnyín ni agbára rẹ̀, ibi tí agbára náà ti kọ́kọ́ jáde lára rẹ̀ jóná. Storm wà lára àwọn tó wá mú un. Ọya ni wọ́n fi pe ọmọ náà nínú ẹgbẹ́. Orúkọ òrìṣà Yorùbá fún ọmọ Ìgbò, orúkọ abẹ̀fúùfù jà fún ẹni tí kò ní ìjì, nígbà tí Storm tó ni ìjì dúró níbẹ̀ tó ń wò. Ó hàn pé wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà léèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan nípa rẹ̀ dáadáa: ọmọ ìjọ ni, ó gbàgbọ́ pé ẹ̀dá burúkú lòun, kò sì jìyàn sí i. Ẹni tó ti rí ọmọ tí wọ́n pè ní àjẹ́ títí tí ọmọ náà fi gbà pé àjẹ́ lòun, kò ní rí i ní àsọdùn.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Jason Aaron kọ ìtàn Schism, ọmọ yìí ló sì pín ilé sí méjì. Àwọn agbébọn ya wọ ibi àpèjẹ kan ní San Francisco, Idie nìkan ló lè gba àwọn yòókù là. Cyclops sọ fún un pé kó ṣe ohun tó bá rò pé ó yẹ. Ó pa àwọn agbébọn náà. Wolverine gbà pé a kì í sọ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá di apànìyàn, Cyclops gbà pé ẹ̀mí èèyàn ló gbà là, àwọn méjèèjì jà títí ilé fi ya, Wolverine kó ìdajì wọn lọ síbi ilé-ìwé tuntun ní Westchester. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọmọ ẹgbẹ́, àwọn àgbà ló máa ń jà nítorí ipò. Ìgbà yìí, ọmọ tuntun ló jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń gba ọmọ sílé fún. Ẹ̀gbẹ́ Wolverine ni mo wà.

Nílé, àwọn kan kò dúró de Marvel. Lọ́dún 2013 ni Jide Martin dá Comic Republic sílẹ̀ ní Èkó, pẹ̀lú Guardian Prime, Eru, Ireti, Avonome àti àwọn mìíràn, wọ́n sì gbé ìwé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó ní fóònù ní Fìdítì, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún àwọn arìnrìn-àjò, lè kà á lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ Ìkẹjà. Roye Okupe, tí wọ́n bí ní Èkó, dá YouNeek Studios sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìtàn rẹ̀ Iyanu, tí ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́ wà nínú àwòrán àti orúkọ inú rẹ̀, di eré lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Nínú ìwé wọn, ọmọ dúdú kọ́ ni wọ́n fi kún ẹgbẹ́. Àwọn ni ẹgbẹ́.

Àtòjọ X-Men tuntun tún jáde ní oṣù keje ọdún 2024, Jed MacKay ló kọ ọ́, Ryan Stegman ló yà á. Alaska ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Cyclops ni olórí, Beast wà níbẹ̀, Magneto tó jẹ́ olórí ọ̀tá wọn lọ́dún 1963 wà níbẹ̀, Idie Okonkwo náà wà níbẹ̀. Ó ti dàgbà, orúkọ Ọya ti kúrò lára rẹ̀, Temper ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn pé wọ́n dá orúkọ náà padà. Ohun tí mo ń retí nísinsìnyí ni irú ìwé tí Claremont àti Barry Windsor-Smith ṣe fún Storm lọ́dún 1985, ẹ̀dà 198, níbi tí obìnrin náà ti padà sí Áfíríkà láìní agbára kankan, tó ń rìn nínú ọ̀dá, tó ń gbẹ̀bí fún obìnrin mìíràn. Ọdún mẹ́wàá ló gbà kí ilé náà tó mọ Storm débi tó fi lè gbé e padà sílé báyẹn. Ti Idie ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kí wọ́n wá ẹni tó mọ ojú ọ̀nà abúlé rẹ̀, kí wọ́n gbé bírò fún un.